Ó Kó Bump Stock Rẹ̀ Fún Ìjọba, Ó sì Pe Ìjọba Lẹ́jọ́

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní ìlú Austin, ìpínlẹ̀ Texas, kó bump stock méjì, ìyẹn ìdí ìbọn tó ń mú kí ìbọn máa yìn léraléra, lọ fún ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọtí, tábà, ìbọn àti ohun abúgbàù. Ọdún tó ṣáájú ló rà wọ́n, kò sì sí òfin àpapọ̀ kankan tó kà wọ́n léèwọ̀ nígbà náà. Nígbà tó ń kó wọn sílẹ̀, ó jẹ́ kó di mímọ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn, pé nítorí ẹ̀wọ̀n lòun ṣe ń kó wọn sílẹ̀. Ó wá gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó lé ní ọdún márùn-ún kí ọ̀rọ̀ náà tó parí: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre, adájọ́ 6 sí 3.

Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹjọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tó gbà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó wúlò fún agbẹjọ́rò, fún ẹni tó ń ta ìbọn, fún olùkọ́ ìbọn yíyìn, àti fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston, Dallas àti Atlanta tí wọ́n ní ìbọn nílé. Tí ìjọba bá kàn dìde lọ́jọ́ kan tó ní ohun tí èèyàn ti fi owó rẹ̀ rà lọ́nà tó tọ́ ti di ẹrù òfin, ohun mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ oníbọn máa ń ṣe. Àwọn kan á fi ìbínú fọ́ ọ. Àwọn kan á rì í mọ́lẹ̀, wọ́n á máa retí ìjọba mìíràn. Àwọn kan á yára tà á fún ẹni tí kò tíì gbọ́. Ọkùnrin Austin yìí kò ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ó gbọ́ràn sí àṣẹ, ó sì bá àṣẹ náà jà lórí ìwé. Lójú tèmi, bó ṣe kó nǹkan yẹn sílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ìyókù dúró lé.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí kò bá mọ bí bump stock ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ ibi tí ẹjọ́ yìí ti le. Ìbọn semi-automatic, irú bíi AR-15, ọta kan ló ń yọ fún fífà kan. Ìka á fa tírígà, òòlù inú ìbọn á já, á gbá ìdí ọta, ọta á jáde. Ìbọn fúnra rẹ̀ á gbé ọta mìíràn sípò, ṣùgbọ́n kò ní yìn ín àfi tí ìka bá kọ́kọ́ tú tírígà sílẹ̀, tí tírígà padà sípò, tí ìka sì tún fà á. Machine gun kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ìka bá ti di tírígà tirẹ̀ mú, ọta á máa rọ́ jáde títí ìka yóò fi kúrò tàbí títí ọta yóò fi tán.

Bump stock jẹ́ ìdí ìbọn oníke tí wọ́n ń yọ ìdí ìbọn àtilẹ̀wá kúrò láti fi sí ipò rẹ̀. Ìdí ìbọn àtilẹ̀wá dúró gbọn-in. Lórí bump stock, ara ìbọn lè yọ̀ síwájú kó tún yọ̀ sẹ́yìn. Pẹpẹ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírígà tí ayìnbọn máa ń gbé ìka lé, ìka náà kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ọta àkọ́kọ́ bá ti jáde, agbára rẹ̀ á ti ìbọn sẹ́yìn, tírígà á kúrò lára ìka, á sì padà sípò. Ọwọ́ kejì, èyí tó di iwájú ìbọn mú, ń ti ìbọn síwájú láìdábọ̀. Bó ti ń tì í, tírígà á tún wá kọlu ìka tó dúró sójú kan, ọta mìíràn á jáde, ìbọn á tún padà sẹ́yìn. Wọ́n sọ nílé ẹjọ́ pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè yìn tó ọta 400 sí 800 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tó bá dúró ní ọ̀ọ́kán tó ń gbọ́ ọ, machine gun ló gbọ́. Ẹni tó bá ṣí inú ìbọn wò, á rí i pé tírígà ń lọ, ó ń bọ̀, lẹ́ẹ̀kan fún ọta kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni méjèèjì.

Òfin àpapọ̀ lórí irú ohun ìjà wọ̀nyí ti wà láti ọdún 1934. Ó ní machine gun ni ohun ìjà tó bá ń yìn ju ọta kan lọ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé èèyàn tún ki ọta sí i, nípa iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí tírígà ṣe. Ẹ̀yà lásán tí wọ́n ṣe láti fi sọ ìbọn di machine gun, machine gun ni òun náà lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ló wà tí kò sí lára ìbọn kankan. Láti ọdún 1986, aráàlú kò lẹ́tọ̀ọ́ sí èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọdún náà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10.

ATF fúnra rẹ̀ ti yẹ bump stock wò tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2006 wọ́n ka irú kan tí wọ́n ń pè ní Akins Accelerator sí machine gun, nítorí pé spring ló ń ti ìbọn síwájú níbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ayìnbọn. Àwọn tí kò ní spring, wọ́n gbà wọ́n láyè. Ní ọdún 2010 wọ́n kọ lẹ́tà fún ilé iṣẹ́ Slide Fire pé èyí tí wọ́n ṣe kì í ṣe machine gun, ẹ̀yà ìbọn lásán ni. Ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ, lábẹ́ ààrẹ tó ju ẹyọ kan lọ, tí àjọ náà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Gbogbo ẹni tó ra bump stock láàárín ọdún wọ̀nyẹn, lórí ọ̀rọ̀ ìjọba ló gbọ́kàn lé.

Las Vegas, àti ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2017, ọkùnrin kan jókòó sí àjà 32 òtẹ́ẹ̀lì Mandalay Bay ní Las Vegas, ó ń yìnbọn sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó wá gbọ́ orin nísàlẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ó yìn ju ọta 1,000 lọ. Èèyàn 58 ló kọ́kọ́ kú; àwọn méjì mìíràn kú nígbà tó yá nítorí ọgbẹ́ tí wọ́n gbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú ìbọn tí wọ́n bá nínú yàrá rẹ̀ ló ní bump stock lára. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ẹjọ́ Austin yìí di ọ̀rọ̀ tírígà àti gírámà nìkan. Ọmọ èèyàn ló kú, tìlù-tìjó ni wọ́n wà nígbà tí ikú dé bá wọn.

Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn oníbọn, NRA, pàápàá, tí í máa tako gbogbo ìdíwọ́ lórí ìbọn, sọ láàárín ọ̀sẹ̀ náà pé kí ATF tún nǹkan náà yẹ̀ wò, pé ó yẹ kí ìlànà tó le sí i wà lórí rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Dianne Feinstein ti California gbé àbá òfin kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ti fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún òfin 1934 ní oṣù yẹn, mi ò rò pé ẹjọ́ tí mò ń sọ yìí ì bá wáyé.

Wọn kò ṣe é. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2018, Ààrẹ Trump pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, tí ATF wà lábẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n lo ìlànà àjọ, èyí tí aṣòfin kì í dìbò lé, láti fi de bump stock. Ara tu àwọn aṣòfin. Kò sí ẹni tó ní láti dìbò mọ́. Feinstein, tó fẹ́ kí nǹkan yẹn kúrò nílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ló kìlọ̀ pé ọ̀nà yìí kò lè gbé wọn débi kankan, pé òfin tí aṣòfin ṣe nìkan ló lè dúró, àti pé ilé ẹjọ́ ni ìlànà àjọ máa há sí. Ìkòríta àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi sì gbà pé ibẹ̀ ni ìjọba ti pàdánù ẹjọ́ náà, ọdún mẹ́fà kí ìdájọ́ tó dé.

ATF ní kí aráàlú sọ èrò wọn. Ìwé tó wọlé lé ní 186,000: nǹkan bí 119,000 fara mọ́ ìlànà tuntun, nǹkan bí 66,000 tako ó. Nínú àwọn tó tako ó, àwọn kan kàn bú ìjọba. Àwọn kan jókòó, wọ́n fi lẹ́tà tí ATF ti kọ sẹ́yìn hàn, wọ́n sì béèrè ohun tó yí padà lára tírígà láàárín 2010 sí 2018. Irú ìwé kejì yìí ni mo máa ń gba àwọn oníbọn níyànjú láti kọ. Àjọ gbọ́dọ̀ fèsì sí àtakò tó bá ní láárí, ìwé náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ tí agbẹjọ́rò máa gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ìlànà náà jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2018: bump stock ti di machine gun, láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2019. Kò sí pé kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí pé kí a san owó orí lé e. ATF ṣírò pé iye tó wà lọ́wọ́ aráàlú lè tó 520,000.

Ohun tí oníbọn ṣe

Àṣẹ náà fún wọn ní ọ̀nà méjì péré: kí wọ́n bà á jẹ́ débi tí kò ní ṣeé tún ṣe mọ́, tàbí kí wọ́n kó o lọ sí ọ́fíìsì ATF tó súnmọ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ tẹ àwòrán jáde tó fi ibi tó yẹ kí èèyàn fi ayùn gé hàn lára oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ní Fort Worth, ilé ìtajà kan tó ní 60,000 nílẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan kúnná, lójú àwọn òṣìṣẹ́ ATF. Ìpínlẹ̀ Washington ní kí aráàlú kó tiwọn wá gba 150 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjọba àpapọ̀ kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó pe ìjọba lẹ́jọ́ láti gba owó ohun tí wọ́n bà jẹ́ kò rí nǹkan kan gbà. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn owó sí ìjọba àpapọ̀ dá ẹjọ́ nù ní 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà lórí rẹ̀ sì ti ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ní 2021. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ẹni tó ní lẹ́tà ìjọba lọ́wọ́ pé nǹkan yìí dára, tó rà á lọ́jọ́ ọjà, tí ìjọba kan náà wá ní kó lọ ọ́ kúnná, ó yẹ kí ó rí owó ọjà rẹ̀ gbà.

Àwọn tó pa tiwọn mọ́ pọ̀ pẹ̀lú. Àìmọye èèyàn ló rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí orúkọ àwọn nínú ìwé kankan, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ kò lè bọ́ síwájú adájọ́ láti sọ pé nǹkan náà tọ́ sí òun. Ó ti pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ìgbésẹ̀ ọkùnrin Austin

Bump stock méjì péré ló ní. Kò tó nǹkan kan lórí igbá oníṣòwò ìbọn. Kò gé wọn. Kò fi wọ́n pamọ́. Ó kó wọn fún ATF lábẹ́ ìtakò, ó sì pe ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Austin ní oṣù kan náà.

Wo ohun tí ìgbésẹ̀ yẹn ṣe fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ọlọ́pàá tó lè kàn án lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀daràn, olùpẹ̀jọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá ká nǹkan náà mọ́ lọ́wọ́, tó wá ń fi ẹjọ́ yìí gbèjà ara rẹ̀, òun àti ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọ́n jọ wà nínú yàrá. Èkejì, ó ní ìpalára gidi tó lè tọ́ka sí. Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí inú kàn ń bí sí òfin. Olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òfin náà ti gba nǹkan lọ́wọ́ òun, tí ilé ẹjọ́ sì lè dá a padà. Bump stock méjì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, odindi, a kò lọ̀ wọ́n. Ẹ̀kẹta, ìtakò tó ṣe nígbà tó ń kó wọn sílẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ṣebí ìfẹ́ inú rẹ̀ ló fi kó wọn wá.

Ìkòríta kejì wà nínú ohun tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ kò sọ. Ẹgbẹ́ tó gba ẹjọ́ náà rò, New Civil Liberties Alliance, kì í ṣe ẹgbẹ́ oníbọn. Iṣẹ́ wọn ni bíbá àjọ ìjọba fà á lórí agbára tí òfin kò fún un. Nítorí náà wọn kò gbé ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn tó wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà wọ inú ẹjọ́ náà. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lọ kéré, ó sì mú: ṣé ohun tí òfin 1934 pè ní machine gun kan bump stock, bí kò bá sì kàn án, ta ló fún ATF lágbára láti fi ìlànà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n? Ọ̀pọ̀ oníbọn nígbà náà ń pariwo pé ẹ̀tọ́ àwọn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ká ní ariwo yẹn ni wọ́n gbé lọ, adájọ́ ì bá wá máa wọn ewu bump stock mọ́ ẹ̀tọ́ oníbọn, lẹ́yìn Las Vegas. Mo rò pé wọn ì bá pàdánù.

Ọkùnrin Austin náà sì kọ́kọ́ pàdánù náà. Ní oṣù Kọkànlá 2020, adájọ́ David Ezra dá ìjọba láre: ó ní iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tírígà túmọ̀ sí fífà ẹ̀ẹ̀kan tí ayìnbọn fà á. Ní oṣù Kejìlá 2021, adájọ́ mẹ́ta ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn karùn-ún, tí Texas wà lábẹ́ rẹ̀, gbè sẹ́yìn ìdájọ́ náà, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Washington DC àti èyí tó wà fún ẹkùn kẹwàá ti gbè sẹ́yìn ìjọba ní tiwọn ṣáájú. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn á ti sọ pé ọ̀rọ̀ parí. Lọ́yà mìíràn gan-an á ti sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé kó má na owó sí i mọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n bẹ gbogbo adájọ́ ẹkùn karùn-ún láti jókòó pa pọ̀ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 2023, nínú adájọ́ 16, àwọn 13 gbà pé ìlànà náà kò lè dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òfin ṣe kedere: ohun tí tírígà ṣe ni òfin ń sọ, kì í ṣe ohun tí ìka ṣe, tírígà ìbọn tó ní bump stock sì ń ṣe iṣẹ́ kan fún ọta kan. Wọ́n tún ní bí òfin kò bá tilẹ̀ yéni yékéyéké, òfin tó lè fi èèyàn sẹ́wọ̀n ni. Ibi tí òfin ẹ̀wọ̀n bá ti ṣókùnkùn, aráàlú ló yẹ kó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ilé ẹjọ́ ẹkùn kẹfà fi ìdí kejì yìí dá oníbọn mìíràn láre. Àwọn ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ń tako ara wọn báyìí, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wò

Adájọ́ Clarence Thomas ló kọ ìdájọ́ náà. Ó tú inú ìbọn palẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọṣẹ́. Àwòrán mẹ́fà ló fi sínú rẹ̀ láti fi bí tírígà, òòlù àti ìkọ́ tó so wọ́n pọ̀ ṣe ń lọ hàn ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ó ní tírígà gbọ́dọ̀ padà sípò kí ọta kejì tó lè jáde, nítorí náà iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ọta kan. Ó fi ìdí kejì kún un: bí iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan bá tilẹ̀ lè yin ọta púpọ̀, ìbọn náà kò yìn ín fúnra rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ayìnbọn gbọ́dọ̀ máa tì í síwájú ní ìwọ̀n tó yẹ.

Adájọ́ Sonia Sotomayor tako ó, àwọn adájọ́ Kagan àti Jackson sì dúró tì í. Ó ka àtakò rẹ̀ sókè nínú ilé ẹjọ́, ohun tí àwọn adájọ́ kì í sábà ṣe. Lójú tirẹ̀, ìgbésẹ̀ kan tí ayìnbọn gbé láti bẹ̀rẹ̀ ni òfin ń wí. Lẹ́yìn ìyẹn, ká gbé ìka síbì kan ká sì máa ti ìbọn síwájú ni gbogbo ohun tó kù, ọta á sì máa rọ̀. Ó ní òfin 1934 wà láti gba irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ aráàlú, ìdájọ́ yìí sì ti fún àwọn tó ń ṣe ìbọn ní ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo ka àtakò náà tán, agbára rẹ̀ sì hàn sí mi. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn oníbọn nípa ẹjọ́ yìí tí kò ka apá tirẹ̀ fún wọn, ìdajì ẹ̀kọ́ ló kọ́ wọn.

Adájọ́ Samuel Alito ló sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo aṣòfin gbọ́. Ó fara mọ́ Thomas, ṣùgbọ́n ó ní ìpakúpa Las Vegas fi hàn pé ohun tí bump stock lè ṣe kò yàtọ̀ sí ti machine gun, pé ìdí wà láti tún òfin ṣe, àti pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ni iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2024, ọjọ́ kẹrin péré lẹ́yìn ìdájọ́, àwọn sẹ́nétọ̀ kan gbìyànjú láti gba àbá òfin tó máa de bump stock wọlé láìdìbò. Ohùn sẹ́nétọ̀ kan tó tako ó ti tó láti dá a dúró.

Lílo ẹjọ́ yìí lẹ́nu iṣẹ́

Oníṣọ́ọ̀bù tàbí agbẹjọ́rò tí oníbọn bá tọ̀ wá lọ́jọ́ tí ìlànà tuntun jáde, ìwé ni kó kọ́kọ́ béèrè. Rìsíìtì tó fi ọjọ́ tí wọ́n ra nǹkan náà hàn. Lẹ́tà tàbí ìlànà ATF tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kó tó kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé kíkó sílẹ̀ ni, kí ó gba ìwé tó ní orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbà á, ọjọ́, àti nọ́ńbà nǹkan náà bó bá ní, kí gbólóhùn ìtakò sì wà níbẹ̀ ní dúdú lórí funfun. Àwọn tó fi ayùn gé tiwọn nínú gáráàjì ní 2019 láìsí ìwé kankan kò ní ohun tí wọ́n máa gbà padà ní 2024.

Kí a tún yẹra fún fífi ẹjọ́ kan ṣe odiwọ̀n gbogbo ẹ̀yà ìbọn. Ní oṣù Kìíní 2023, ATF gbé ìlànà mìíràn jáde lórí brace, ohun tí wọ́n ń so mọ́ ìbọn ìléwọ́ láti fi gbé e lé apá: ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ di ìbọn gígùn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú, tó gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n fún oníbọn títí di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì fojú fo owó orí 200 dọ́là fún ẹni tó bá tètè forúkọ sílẹ̀. ATF fúnra rẹ̀ ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ló wà níta. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó wọlé jẹ́ nǹkan bí 250,000. Adájọ́ Reed O'Connor ní Texas fagi lé ìlànà náà ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 2024, ọjọ́ kan ṣáájú ìdájọ́ bump stock. Ó dà bí ìṣẹ́gun kan náà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀: bí àjọ náà ṣe ṣe ìlànà náà ni adájọ́ rí àléébù sí, àti pé kò ṣe àlàyé ara rẹ̀ tó. Irú àléébù bẹ́ẹ̀, àjọ lè tún jókòó ṣe é dáadáa. Ti bump stock, àfi kí aṣòfin ṣí òfin.

Ìdájọ́ ti àpapọ̀ kò sì kan òfin ìpínlẹ̀. California, New York, Florida àti Nevada wà lára àwọn tó ní òfin tiwọn lórí bump stock, àwọn òfin náà sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì ìdájọ́ bí wọ́n ṣe wà ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó rà á ní Texas, tó fi sínú bùùtù mọ́tò, tó wakọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Florida, ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ sọdá ààlà.

Fún àwọn ọmọ wa tí wọn kò tíì di ọmọ onílùú, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wà pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti ọmọ ilé-ìwé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn tàbí ọta, yàtọ̀ sí àyè díẹ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀, irú bíi ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè ní ìbọn, ṣùgbọ́n òfin ìwọ̀lú dárúkọ ohun ìjà, ẹ̀yà rẹ̀ àti ohun àfikún rẹ̀ pọ̀ nínú gbólóhùn kan: ẹ̀bi kan lórí èyí tó bá wọ abẹ́ ìtumọ̀ ìbọn, bíi silencer, ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù, tí kò ní ìwé, tó láti lé èèyàn kúrò nílùú. Níní machine gun tí òfin kò gbà láyè wà lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin náà kà sí èyí tó wúwo jù lọ, tí adájọ́ ìwọ̀lú kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè láti ṣàánú lórí rẹ̀. Láti oṣù Kẹta 2019, kí àwọn ilé ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà, onígreen card tó bá ní bump stock nínú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbé pẹ̀lú ewu yẹn lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá bá ti gba ohun àfikún ìbọn kankan lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba sì ní kó gba ẹ̀bi kékeré kan kó máa lọ sílé, kó má fọwọ́ síwèé. Agbẹjọ́rò ìwọ̀lú ni kó kọ́kọ́ pè, lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó sọ̀rọ̀ mìíràn.